Kílọ́ọ̀ṣì àti «Embrayeur»: Bí A Ṣe Ń Yan Kílọ́ọ̀ṣì Tuntun fún Mọ́tò Tọ́ọ̀bò Àtijọ́ ní Ìdàáṣà

Nínú ẹ̀kọ́ tòní, a fẹ́ mú ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ti kọ́ sórí nítorí ìdánwò, kí a gbé e padà sí ibi tí ó ti wá, èyíinì ni abẹ́ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ náà ni «embrayeur». Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún àwọn ọ̀rọ̀ bí èmi, ìwọ, níhìn-ín àti lónìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní Ìdàáṣà, níbi tí ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Savalou ti pínyà, tí ẹ sì bi mẹkáníìkì léèrè ohun tí «embrayage» jẹ́, kò ní sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ rárá. Kílọ́ọ̀ṣì ni yóò fi hàn yín.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó wà láàárín òkè mọ́kànlélógójì Ìdàáṣà, tó ń fi fóònù ra kílọ́ọ̀ṣì ní Kútọnu tàbí ní Èkó, ìṣòro èdè ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé kí ó tó kan ìṣòro irin. Bí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ dúró lórí ibi tí a ti ń sọ ọ́, àti ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kì í yẹsẹ̀, owó ni yóò fi kọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé náà.

1. Iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò kò mọ bí a ti ń dúró. Bí ó bá dúró, ó kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n táyà gbọ́dọ̀ lè dúró, kí ó sì tún gbéra. Nítorí náà, a nílò ohun kan láàárín àwọn méjèèjì tó lè so wọ́n pọ̀, tó sì lè tú wọn sílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀, a sì lè fi bí wọ́n ṣe ń yí mọ̀ wọ́n:

(a) Irin róbótó ńlá tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ó ń yí nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Faransé ń pè é ní «volant moteur». Lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ìhà Nàìjíríà, fúláìwíìlì ni.

(b) Àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ awọ ìfarakọ́ra mọ́ ní ojú méjèèjì. Àárín rẹ̀ ní eyín tó wọ ara ọ̀pá gíáàbọ́ọ̀sì, nítorí náà ọ̀pá yẹn ni òun àti ẹ̀ jọ ń yí. Faransé ní «disque»; ìhà Nàìjíríà ní kílọ́ọ̀ṣì púléètì.

(d) Ìdérí onísípíríǹgì tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ fúláìwíìlì. Òun ló ń tẹ àwo yẹn mọ́ fúláìwíìlì kí gbogbo wọn lè yí pọ̀. Faransé ní «mécanisme», apá tó ń tẹ àwo gan-an sì ni «plateau de pression». Ìhà Nàìjíríà ní pírẹ́ṣọ̀ púléètì.

(e) Bíárìn kékeré tó ń ti ìka sípíríǹgì nígbà tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ìdérí lè tú àwo sílẹ̀. Faransé ní «butée». Ìhà Nàìjíríà ní rílíìsì bíárìn.

Àpapọ̀ (b), (d) àti (e) ni àwọn oníṣòwò ń tà nínú páálí kan tí wọ́n ń pè ní kíìtì. A máa ń pààrọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kí ọwọ́ tó kan èyíkéyìí nínú wọn, a gbọ́dọ̀ sọ gíáàbọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ àwo nìkan, tó fi bíárìn àtijọ́ sílẹ̀, lè san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

2. Bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe wọ inú ìwé wa

Ní 1922, Otto Jespersen fi orúkọ «shifter» pe àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn ń yí padà bí ipò bá ti yí padà. Kì í ṣe èmi àti ìwọ nìkan ló kà mọ́ wọn. Ó ka bàbá, ìyá àti ilé pẹ̀lú, torí pé bàbá tèmi kọ́ ni bàbá tìrẹ. Ní 1957, Roman Jakobson mú ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Rọ́ṣíà. Nígbà tí Nicolas Ruwet ń túmọ̀ iṣẹ́ Jakobson sí Faransé fún ìwé tó jáde ní 1963, «embrayeur» ni ó lò.

Ẹ kíyè sí i pé àwòrán inú èdè méjèèjì kò dọ́gba. «Shifter» jẹ́ ohun tó ń sún láti ibì kan sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n «embrayeur» jẹ́ ohun tó ń so nǹkan méjì pọ̀. Gírámà dà bí ẹ́ńjìnnì: ó ń yí fúnra rẹ̀, kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò mọ ọjọ́. Ayé tí a wà nínú rẹ̀ dà bí táyà tó fẹnu kan ilẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan bá wí pé «èmi nìyí, níhìn-ín, lónìí», ìgbà yẹn ni èdè fara kan ilẹ̀ tí mọ́tò sì gbéra. Bí a bá tú wọn sílẹ̀, Faransé ní «débrayage». Ẹ̀yin tó ń gbọ́ ìròyìn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni wọ́n ń lò nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀: ilé iṣẹ́ ṣì wà, àwọn ènìyàn ṣì wà, ṣùgbọ́n agbára kò dé ọ̀dọ̀ ara wọn mọ́.

Nínú Yorùbá, àwọn ọ̀rọ̀ wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀: èyí, ìyẹn, níbẹ̀, lánàá, tèmi, ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, a ó tún pàdé wọn lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ra kílọ́ọ̀ṣì.

3. Ṣé kílọ́ọ̀ṣì gan-an ló bàjẹ́?

Kí a tó ra nǹkan, ẹ jẹ́ ká rí i dájú pé òun ló yẹ ní rírà. Àmì mẹ́rin ni a ó mẹ́nu bà.

Èkíní, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Mọ́tò wà nínú jíà ńlá, ó ń gun òkè, awakọ̀ tẹ ìná, ariwo ẹ́ńjìnnì ròkè ṣùgbọ́n eré kò lé sí i. Faransé ní «ça patine». Bí òórùn jíjó bá tẹ̀lé e, awọ ti ń tán, tàbí ọ́ìlì ti dé ojú rẹ̀, tàbí sípíríǹgì ti rẹ̀.

Èkejì, jíà kò fẹ́ wọlé, ó ń han. Èyí lè wá láti ọ̀dọ̀ okùn kílọ́ọ̀ṣì tó ti gùn tàbí ọ́ìlì inú páìpù rẹ̀ tó ti jò. Ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó sọ gíáàbọ́ọ̀sì kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta, mọ́tò ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nígbà tó bá ń gbéra. Ó lè jẹ́ ọ́ìlì lójú awọ, ó lè jẹ́ pé ooru ti ba ojú fúláìwíìlì jẹ́, ó sì lè jẹ́ rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró ló ti já.

Ẹ̀kẹrin, ariwo. Bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, rílíìsì bíárìn la ó kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń lọ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, bíárìn inú gíáàbọ́ọ̀sì ni kí a yẹ̀ wò.

4. Kí ni tọ́ọ̀bò fi kún un?

Ẹ jẹ́ ká mú Peugeot 505 ṣe àpẹẹrẹ, torí kò sí ẹni tí kò mọ 504 àti 505 lójú ọ̀nà wa. 505 jáde ní 1979. Ní 1983, Peugeot gbé èyí tí wọ́n pè ní 505 Turbo Injection jáde, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2155 sẹ̀ǹtímítà oníhà-mẹ́ta. Mọ́tò ẹbí ni lójú, mọ́tò eré ni nínú. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe èyí tó wà nínú àwọn 505 tó ń kó èrò.

Tọ́ọ̀bò jẹ́ fáànù tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tí òun náà sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i sínú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo tó lè jó níbẹ̀ pọ̀, agbára ìyípo sì pọ̀. Agbára yẹn kì í wá díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń ya wọlé nígbà tí fáànù bá jí. Ìdí nìyí tí kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò tọ́ọ̀bò fi máa ń kọ́kọ́ yọ̀ nínú jíà ńlá, ní àárín eré, tí gbogbo nǹkan sì dára nínú ìlú.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Agbára ìyípo tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbé = 2 (torí ojú méjì ni àwo ní) × ìwọ̀n ìfarakọ́ra awọ × agbára tí sípíríǹgì fi ń tẹ̀ × ìjìnnà awọ sí àárín àwo. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìfarakọ́ra jẹ́ 0,3, sípíríǹgì ń fi 5000 newton tẹ̀, ìjìnnà jẹ́ 0,1 mítà. Ìdáhùn ni 300 newton-mítà. Bí a bá fi ìdérí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3500 rọ́pò rẹ̀, ó di 210. Ẹ́ńjìnnì tó ń mú 170 jáde kò ní mọ ìyàtọ̀. Èyí tó ń mú 240 jáde nígbà tí tọ́ọ̀bò bá jí yóò máa yọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ọ́ìlì bá sì ta sójú awọ, tí ìfarakọ́ra wálẹ̀ sí 0,1, 300 ti di 100, bó ti wù kí kíìtì náà wọ́n tó.

Nínú ìṣirò yìí ni ọ̀fìn tó jìn jù wà. Àwo tí eyín rẹ̀ kò bá ọ̀pá mu kò léwu púpọ̀, torí pé kò ní wọlé rárá, a ó dá a padà. Èyí tó léwu ni kíìtì tí eyín rẹ̀ bára mu, tí ìbú rẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n tí sípíríǹgì rẹ̀ jẹ́ ti mọ́tò tí kò ní tọ́ọ̀bò. Yóò wọ̀ wẹ́rẹ́. Mẹkáníìkì yóò ní «ó wọ̀». Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n «ó wọ̀» kì í ṣe «ó lè gbé e». Ẹni tó kún fún èrò, tó ń gun òkè, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, ni yóò mọ ìyàtọ̀ gbólóhùn méjèèjì.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń yọ̀ lórí fóònù

Ìhà méjì ni a lè ti ra ẹ̀yà ara mọ́tò. Ní Kútọnu, Faransé ni orúkọ wọn. Ní Nàìjíríà, bí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá ti gbà mọ́ra ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ Peugeot dáadáa, torí pé láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀. Nítorí náà oníbàárà Ìdàáṣà àti oníṣòwò Èkó lè jọ sọ Yorùbá lórí fóònù, kí wọ́n gbọ́ ara wọn yé títí tí wọ́n á fi dé orí orúkọ ẹ̀yà ara mọ́tò. Ibẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì èdè ti ń yọ̀.

Ẹ wo «plateau» Faransé àti «plate» Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Bí a bá fi òfin yìí tò wọ́n, ọ̀kan di púlátò, èkejì di púléètì. Bí ìlà fóònù kò bá dára, ta ni yóò gbọ́ ìyàtọ̀ wọn? Bẹ́ẹ̀, «plateau» lẹ́nu ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Faransé ni ìdérí tó ń tẹ̀, púléètì lẹ́nu oníṣòwò Èkó sì lè jẹ́ àwo tí wọ́n ń tẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ àti ẹni tí a tẹ̀ ti pààrọ̀ ipò.

«Volant» náà wà níbẹ̀. Yorùbá kò ní ìró v, nítorí náà fọ́láàn ni yóò dà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Faransé, ohun tí awakọ̀ fi ń darí mọ́tò ni «volant», irin róbótó ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sì ni «volant moteur». Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló máa ń jábọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. «Disque» bákan náà: ti kílọ́ọ̀ṣì wà, ti bíréèkì wà. Ní ti «butée», fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ rẹ̀ kò sí nínú Yorùbá, ẹlòmíràn á pè é ní bìtée, ẹlòmíràn á pè é ní bùtée. Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́, torí kò sí ẹ̀yà míràn nínú kíìtì tó ń jẹ́ orúkọ tó jọ ọ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ìyípadà ìró ló ń ṣini lọ́nà. Èyí tó bá da orúkọ méjì pọ̀ mọ́ ara wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn «embrayeur» fúnra wọn. «Mo fẹ́ irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.» Èyí wo? Níbo? Tẹ́lẹ̀ ìgbà wo? Mọ́tò tó ti pé ogójì ọdún lè ti gba kíìtì mẹ́ta mẹ́rin, èyí tó sì wà níbẹ̀ kẹ́yìn lè jẹ́ èyí tí kò tọ́. Ẹ má ṣe rò pé fọ́tò orí WhatsApp tán ìṣòro yìí. Fọ́tò tí kò ní rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ «èyí» mìíràn ni: ó ń nàka, kò sọ ìwọ̀n.

6. Ohun tó yẹ kí a sọ fún oníṣòwò

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tí kò bìkítà nípa ẹni tó ń sọ ọ́ tàbí ibi tó wà:

– Orúkọ mọ́tò, ọdún tó jáde, àti nọ́ńbà ṣásì tó wà lórí «carte grise», kí ẹ sì fi wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò.
– Àmì tó wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. «Ti 505» kò tó: 505 ti pẹtiróòlù wà, ti dísù wà, ti tọ́ọ̀bò wà. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì.
– Ìbú àwo láti etí dé etí, ní mìlímítà.
– Iye eyín àárín àwo. Ẹ fi bírò sàmì sí ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí ẹ má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì.
– Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára àwo àti ìdérí àtijọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
– Bóyá okùn ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì tàbí ọ́ìlì.

Àwọn ilé iṣẹ́ bí Valeo ti Faransé, LuK àti Sachs ti Jámánì ní ìwé tí a fi ń wá nọ́ńbà tiwọn tó bá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ mọ́tò mu. Nígbà tí ọjà bá dé, ẹ má ka páálí nìkan. Ẹ fi nọ́ńbà ara irin wé nọ́ńbà ara páálí, kí ẹ gbé àwo tuntun lé àtijọ́ lórí, kí ẹ sì ti eyín rẹ̀ wọ ọ̀pá gíáàbọ́ọ̀sì kí mẹkáníìkì tó de bóòtù kankan.

Ní ti awọ, àwọn kan yóò ní kí ẹ ra ti mọ́tò ìdíje, tí wọ́n fi irin àti séràmíìkì ṣe. Ó lè gbé agbára púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbá mú lójijì, ó sì máa ń jẹ ojú fúláìwíìlì. Fún mọ́tò tó ń dúró tó ń lọ, bí irú ìtò ọkọ̀ tí a máa ń rí nígbà ìrìn-àjò mímọ́ sí ihò Àrígbó nínú oṣù kẹjọ, ìyà ni. Awọ lásán pẹ̀lú ìdérí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì tọ́ọ̀bò yẹn ló dára jù.

Nígbà tí gíáàbọ́ọ̀sì bá wà nílẹ̀, ẹ wo rọ́bà tó dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ rántí 300 tó di 100. Bí ojú fúláìwíìlì bá ti sán, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì ṣe fẹ́ eruku ibẹ̀ dànù: awọ àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí Faransé fòfin dè ní 1997 nítorí pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwo ní ojú méjì, wọn kò sì jọra. Bí mẹkáníìkì bá bi ọmọ iṣẹ́ pé «ojú wo ló wà níwájú?», iwájú ti mọ́tò ni, àbí iwájú ọmọ tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀? «Embrayeur» náà tún dé. Àwọn tó ṣe àwo mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ «côté volant» sára rẹ̀, tàbí «Getriebeseite» lórí ti Jámánì, èyí tó túmọ̀ sí ìhà gíáàbọ́ọ̀sì. Wọn kò kọ iwájú tàbí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí awakọ̀ rọra lò ó fún bíi 500 kìlómítà kí awọ lè jókòó.

7. Iṣẹ́ ṣíṣe

(i) Kọ ìbéèrè márùn-ún tí oníbàárà lè fi fóònù bi oníṣòwò. Fa ìlà sábẹ́ gbogbo «embrayeur» tó wà nínú wọn, kí o sì fi ọ̀rọ̀ tí kì í yẹsẹ̀ rọ́pò wọn.

(ii) Lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní àdúgbò rẹ. Má ṣe béèrè orúkọ ẹ̀yà ara mọ́tò. Nàka sí i, kí o ní kí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá tàbí ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀. Kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó lò sílẹ̀: tẹ̀, tì, yí, dì mú, tú sílẹ̀. Fi wọ́n wé ti ẹlẹgbẹ́ rẹ.

(iii) Èwo nínú èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló ní àwòrán tó bá èmi àti ìwọ mu jù? Dáhùn ní ìlà mẹ́wàá.

Ìdáhùn yín la ń retí.